Àjàyí Crowther Lẹ́yìn Canterbury

Bí ìjọ bá ń ṣe ìrántí àwọn aṣáájú, tí ó bá kan Àjàyí Crowther, ìtàn náà kì í yí padà. Ọmọ kan wà ní Òṣógùn, wọ́n kó o lẹ́rú, Ọlọ́run yọ ọ́, ó kàwé, ó túmọ̀ Bíbélì, ó di bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Àǹgílíkà. Àwọn ọmọ Sunday School á pàtẹ́wọ́, ẹgbẹ́ akọrin á dìde. Ibi tí wọ́n máa ń bá a dé nìyẹn: ọdún 1864, nínú kàtídírà ńlá ní Canterbury. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ṣì lo ọdún 27 láyé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àwọn ọdún wọ̀nyẹn ló sì dán ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò ju ìgbà tí ìdè wà lọ́rùn rẹ̀ lọ.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìtàn ẹrú tó di bíṣọ́ọ̀bù. Ó dùn-ún gbọ́, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ó ti sọ ìforítì di ohun tí èèyàn ń ṣe títí oore á fi dé. O fara dà á, Ọlọ́run gbé ọ ga, o jẹ́rìí, ó bùṣe. Ẹni tí oore ti dé bá ńkọ́, tí wọ́n wá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ti lé lẹ́ni 80 ọdún? Àwọn tó já a gbà ọ̀hún kì í ṣe olówò ẹrú, wọn kì í ṣe abọ̀rìṣà. Onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀ ni wọ́n, ẹgbẹ́ kan náà ló rán wọn níṣẹ́, wọ́n sì máa ń gbàdúrà kí wọ́n tó jókòó ìpàdé.

Ìgbà èwe rẹ̀ ò ní dá wa dúró pẹ́, torí ọ̀pọ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Ní 1821 ogun ya wọ Òṣógùn, wọ́n kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ahunṣọ òfì, ó di àwátì. Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin ò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ó dá a padà, ó sì gba ọmọ rẹ̀. Báyìí ló ṣe ń bọ́ láti ọwọ́ olówó kan sí ọwọ́ òmíràn, títí ẹ̀rù fi bà á pé wọ́n fẹ́ tà á fún àwọn Pópó, tó sì gbèrò láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon, tí Henry Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, gbá ọkọ̀ náà mú lójú òkun. Nígbà tí àwọn ọmọ náà rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ nínú ọkọ̀ ogun, ẹran èèyàn ni wọ́n pè é; ọta àgbá tí wọ́n tò sílẹ̀ ni wọ́n sì rò pé ó jẹ́ orí àwọn tí wọ́n ti pa. Ó di oṣù kẹfà kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró.

Ní Sàró, ọwọ́ kan náà ló fún un ní gbogbo nǹkan. Ọwọ́ tó tú u sílẹ̀ ló fún un láṣọ, òun náà ló fún un ní ìwé, bíi oṣù mẹ́fà péré sì ni ọmọ náà fi mọ̀ ọ́n kà. Ọwọ́ náà ló ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, tó sì fún un ní orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther. Nígbà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó tó fẹ́, Àṣànọ́ tí wọ́n wá ń pè ní Susan, ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti gba òun náà. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní C.M.S. ni bàbá, ni ìyá, ni ọ̀gá, ni ìjọ.

Ní 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ó ròyìn bí wọ́n ṣe mú un. Ó ní ọjọ́ ibi ni ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbùkún ni pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ náà ló gbé òun dé ọ̀dọ̀ Kristi. Ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló kọ ọ́, inú rẹ̀ sì dùn dénú. Bí mo bá ka ibẹ̀, ìbéèrè kan máa ń wá sí mi lọ́kàn tí lẹ́tà náà kò dáhùn. Ìgbàgbọ́ tó bá ọwọ́ olóore wọlé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ tí olóore bá yíjú padà?

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí a mọ̀ ni ìbéèrè náà ti bi ṣubú. Pásítọ̀ tó san owó ilé-ìwé wọn ni wọ́n rí, wọn ò rí ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí pásítọ̀ hùwà tí kò yẹ, Ọlọ́run àti pásítọ̀ jọ bá ẹnu ọ̀nà jáde. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Crowther yàtọ̀, lójú tèmi, ni iṣẹ́ tó fi bíi 40 ọdún ṣe láàárín àkókò tí ìdílé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló gba ìgbàgbọ́ náà kúrò lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ ikú. Ní 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wọ Odò Ọya, Crowther àti míṣọ́nnárì C.M.S. kan, J. F. Schön, sì bá wọn lọ. Ibà pa òyìnbó tó pọ̀ nínú wọn, ìrìn-àjò náà sì fọ́. Ohun tí Schön rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ìhìnrere yóò bá dé àárín ilẹ̀ yìí, ọmọ ilẹ̀ yìí ni yóò gbé e dé ibẹ̀, èdè ibẹ̀ ni yóò sì fi sọ ọ́. Ní 1843 bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi Crowther jẹ oyè àlùfáà. Ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde lọ́dún náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ sì kún ilé ìsìn. Bó ṣe súre tán, wọn ò dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, “Kó ṣẹ!” ni gbogbo ilé náà ké.

Ìtumọ̀ Bíbélì kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó nìkan. Crowther mọ̀ pé ọmọdé ni òun nígbà tí wọ́n mú òun kúrò nílé, àti pé ìlú àjèjì ti kó wọ inú Yorùbá òun. Nítorí náà nígbà tó dé Àgbádárìgì ní 1845, tó sì wọ Abẹ́òkúta lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó fi etí sílẹ̀ ju bó ṣe ń la ẹnu lọ. Ó ń gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń rojọ́, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí níbi òkú, ó ń kó òwe jọ, ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí sílẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo ibi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà bí ibi tí onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ yà sí. Òun rí i pé ibẹ̀ ni ìjìnlẹ̀ èdè ń gbé, bí a ò bá sì rí i lò, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yóò máa dún bí ọ̀rọ̀ àlejò. Òun àti Thomas King, ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa, ni wọ́n jọ ń gbé ẹsẹ kan sórí èkejì.

Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe tó ti fi ọdún 11 kó jọ jóná. Ọdún náà ni King kú. Ẹni tó ti lé lẹ́ni 50 ọdún ni Crowther nígbà náà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ẹ̀dà ìwé, ohun tó bá jóná jóná ni. Ó tún jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tó ọdún 22 lẹ́yìn iná náà, ní 1884, kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde, ọwọ́ àwọn mìíràn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀. Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí jù nínú ìtàn rẹ̀. Ọkọ̀ ogun tó gba ọmọ lójú òkun, iṣẹ́ ìyanu ni, ẹnikẹ́ni lè jẹ́rìí sí i. Ta ni ń jẹ́rìí sí ọkùnrin tó jókòó ti tábìlì lẹ́yìn tí iná ti jó ìwé rẹ̀, tó tún mú kálàmù? Kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ wò níbẹ̀. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ inú rẹ̀ lọ, ẹsẹ kan lójoojúmọ́, ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi pè é kí òyìnbó kankan tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n ti pín wọn níyà, Àfàlà wá bá a ní Abẹ́òkúta. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá náà ti wọ ẹrú, wọ́n ti rà á padà, ó tún ti wọ ẹrú. Àwa tá a fẹ́ràn ìtàn tó yára máa ń rò pé ọjọ́ náà ló gba Jésù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń gbọ́. Ó di oṣù kejì ọdún 1848 kí ó tó gba ìrìbọmi lọ́wọ́ ọmọ tó bí, tí wọ́n sì pè é ní Hannah, orúkọ ìyá Samuel inú Bíbélì. Ọdún 35 ló tún lò nínú ìgbàgbọ́ náà kó tó kú ní 1883. Kò mọ Gẹ̀ẹ́sì. Kò jẹ Ẹgbẹ́ C.M.S. ní gbèsè ọpẹ́ kankan tí yóò máa san. Ọmọ rẹ̀ ló wàásù fún un, ní Yorùbá, ó sì gbà á gbọ́. Bí mo bá fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ ṣe rí nígbà tí ọwọ́ olóore ò sí nínú rẹ̀, ìyá arúgbó yìí ni mo máa ń wò.

Canterbury wá dé. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà gbọ́dọ̀ dá ara rẹ̀ bọ́, kí ó darí ara rẹ̀, kí ó sì tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó tó wà ní Abẹ́òkúta, kò gbà. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ̀wé ránṣẹ́ sílé pé kò yẹ kí òyìnbó máa gba àṣẹ lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n wá ọgbọ́n sí i: wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún un, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn níbi tí àwọn òyìnbó wà kò sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Yorùbá tí kò ní àṣẹ lórí ìjọ Yorùbá. Nínú kàtídírà lọ́jọ́ náà, Leeke tó gbà á lójú òkun wà níbẹ̀, ó ti di ọ̀gágun ńlá. Obìnrin tó kọ́ ọ ní A, B, D pàápàá wà níbẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bí ọmọ ọmọ rẹ̀ Herbert Macaulay ní Èkó, ẹni tí kò ní fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ bíi ti bàbá ìyá rẹ̀.

Odò Ọya ni wọ́n fún un, Odò Ọya ló lọ. Onitsha ti bẹ̀rẹ̀ láti 1857 lábẹ́ John Christopher Taylor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Sàró. Lọ́kọ́jà tẹ̀lé e, Bonny tẹ̀lé e, Brass tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bíṣọ́ọ̀bù náà fi ń ṣiṣẹ́ láìní ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń wọ̀, ọkọ̀ wọn kì í sì í lè gòkè odò lọ àfi ní àkókò tí omi bá kún. Bí ó bá bẹ ibì kan wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó ti gbìyànjú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé kò bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ní 1867, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Abokko mú un nítòsí Idah, ó sì ní kí wọ́n wá fi owó rà á. Ẹni tí wọ́n ti fi pààrọ̀ ẹṣin nígbà èwe ni wọ́n tún ń dá iye lé lórí ní àgbà. Àwọn tó wá gbà á sílẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, igbákejì kọ́nsúlù tó wá láti Lọ́kọ́jà, ó sì kú. Ní Bonny, láàárín àwọn ọdún 1870, wọ́n pa onígbàgbọ́ kan tó ń jẹ́ Joshua Hart nítorí pé ó kọ̀ láti jẹ oúnjẹ ẹbọ. Omi ni wọ́n jù ú sí. Ẹrú ni, kò ní oyè, kò ní ìwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì sá. Ìjọ Bonny ń pọ̀ sí i lójú inúnibíni náà.

Irú ìdánwò báyẹn, ìjọ mọ bí a ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀tá wà níta, onígbàgbọ́ wà nínú, a mọ ẹni tí a máa ṣàdúrà lòdì sí. Èyí tó tẹ̀lé e ni kò sí orin fún.

Venn kú ní 1873. Àwọn tó jókòó sí àga rẹ̀ kò rí Áfíríkà bó ṣe rí i. Ìgbà ti yí: àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti ń pín Áfíríkà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ George Goldie sì ti gba ìwé àṣẹ lórí Odò Ọya ní 1886. Ìsọjí tuntun tún ń jà láàárín àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde ní yunifásítì, wọ́n ń wá ìwà mímọ́ tí kò ní àbààwọ́n, wọn ò sì ní sùúrù fún ìjọ tó ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń rìn. Ká sọ òótọ́, àbààwọ́n wà. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí Crowther kó láti Sàró, àwọn kan ń ṣòwò, àwọn kan ń mutí. Ìwà ìkà tó burú jù, tó la ikú ọmọbìnrin ẹrú kan lọ, ti ṣẹlẹ̀ ní Onitsha. Bíṣọ́ọ̀bù náà ní ọkàn rírọ̀, ó máa ń lọ́ra láti lé èèyàn lọ, mo sì rò pé ó yẹ kó ti lé díẹ̀ nínú wọn ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ẹni tó bá ń gbèjà rẹ̀ láìsọ èyí, kò gbèjà rẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì tó dé ní 1890 kò wá tún ilé ṣe. Graham Wilmot Brooke jẹ́ ẹni ọdún 25. J. A. Robinson dàgbà jù ú lọ díẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ Haúsá ní Lọ́kọ́jà, wọ́n fẹ́ gbé bí ọmọ ilẹ̀, wọ́n ní òyìnbó ò gbọdọ̀ máa gbé bí ọba láàárín àwọn tó ń wàásù fún. Èrò tó dára ni. Àwọn kan náà wá kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé nínú gbogbo àwọn àlùfáà àti olùkọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá lórí odò, díẹ̀ ni onígbàgbọ́ tòótọ́ wà nínú wọn. Aṣọ ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n gbé wọ̀, ọmọ ilẹ̀ gan-an ni wọn ò gbà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó iṣẹ́ náà jókòó ní Onitsha. Bíṣọ́ọ̀bù ni alága. F. N. Eden, akọ̀wé, ọ̀dọ́mọkùnrin, kéde pé òun ní àṣẹ láti dá òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Crowther béèrè pé àṣẹ ta ni. Wọ́n dá a lóhùn bí ẹni ń dá ọmọ iṣẹ́ lóhùn. Archdeacon Dandeson Crowther, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró, lójú bàbá rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, bó ti wù kí àgbà náà ṣàṣìṣe tó. Kì í ṣe àgbà lásán ló sì jókòó síbẹ̀: ẹni tí wọ́n ti rà tí wọ́n ti tà ni, ẹni tó ti sin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sétí odò. Àwọn tó ń bá a wí, wọn ò tíì sí láyé nígbà tó ti di àlùfáà.

Kí ló ṣe? Ìdáhùn sí èyí ni mo fi kọ àpilẹ̀kọ yìí, torí mo ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ tó sọ pé onígbàgbọ́ tí wọ́n bá fìyà jẹ nínú ìjọ, kó dákẹ́, kó gbà á fún Ọlọ́run, kó máa rẹ́rìn-ín. Ẹnu àwọn tó ń jẹ àǹfààní ìdákẹ́ ni ìwàásù yìí sábà máa ń ti jáde. Crowther ò dákẹ́. Níbi ìpàdé yẹn náà ló ti sọ pé kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé pé òun jáde kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù, ó tako ohun tí wọ́n ṣe. Òun àti àwọn àlùfáà ẹnu odò, ní Bonny àti agbègbè rẹ̀, jọ gbìmọ̀ pé kí ìjọ ibẹ̀ máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ kó má bàa sí lábẹ́ owó C.M.S. mọ́. Ohun tí Venn ti ń wí nípa ìjọ tó ń bọ́ ara rẹ̀ ni wọ́n mú lò, nígbà tí àwọn arọ́pò Venn ti pa á tì. Ó sì ń gbàdúrà, ó ń jọ́sìn, ó ń wàásù. Ó kúrò lábẹ́ ìgbìmọ̀, kò kúrò nínú ìgbàgbọ́. Ó fi Ẹgbẹ́ náà sùn lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ náà, kò fi Ọlọ́run sùn.

Gbogbo Èkó gbóná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1891, Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú, sọ̀rọ̀ ní Breadfruit ní Èkó, ó ní ó tó àkókò kí Áfíríkà ní ìjọ tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ìjọ ní Èkó dá United Native African Church sílẹ̀. Wọ́n bẹ James Johnson, àlùfáà tí gbogbo ìlú bẹ̀rù fún ìwà mímọ́ rẹ̀, pé kó wá ṣolórí wọn. Ó kọ̀. Wọ́n ti fìyà jẹ òun náà rí. Wọ́n ti mú un kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1880 nítorí pé àwọn òyìnbó ò fẹ́ kó máa darí wọn. Síbẹ̀ ó ní òun ò jáde. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń pe àwọn tó jáde ní apẹ̀yìndà, àwọn mìíràn sì ń pe Johnson àti Crowther ní ẹni tí òyìnbó ti rọ́ lórí. Mi ò gbà pẹ̀lú èyíkéyìí. Àwọn tó jáde ń ka Bíbélì tí Crowther túmọ̀, wọ́n ń kọ orin sí Ẹni kan náà, ní Yorùbá. Ìjọba ilé ìjọsìn ni wọ́n kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni ẹni tí kò bá wọn jáde, tí kò sì dúró, tó kàn jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi, tí kò sì sẹ́ni tó wá wò ó. Irú wọn wà nígbà náà, wọ́n pọ̀ sí i nísinsìnyí, ní Èkó àti ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá sì béèrè lọ́wọ́ wọn, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀rọ̀ wọn má jẹ́ ti owó ìjọ tàbí ti ìtìjú tí olórí kan fi kàn wọ́n ní gbangba.

Lọ́dún 1891 yẹn kan náà, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bíṣọ́ọ̀bù náà. Ó kú ní Èkó lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún, ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Robinson ti ṣáájú rẹ̀ kú ní Lọ́kọ́jà ní oṣù kẹfà. Ibà kò bi í ní ọjọ́ orí. Brooke kú níbẹ̀ náà ní oṣù kẹta ọdún 1892. Iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fi ìwà mímọ́ bẹ̀rẹ̀ kò pé ọdún méjì tó fi tú ká. Ìjọ ẹnu odò tí àwọn arúgbó àti àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú dá dúró, tí wọ́n ń pè ní Niger Delta Pastorate, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1892 yẹn, Dandeson sì wà níwájú rẹ̀.

Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò Crowther. J. S. Hill dé Èkó, kò lo oṣù kan kó tó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1894. Wọ́n ti fi Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ lásán ni wọ́n. James Johnson gba oyè olùrànlọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, ó ń kó owó jọ kí Niger Delta lè ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kú ní 1917, olùrànlọ́wọ́ ló ṣì jẹ́. Ó di 1952 kí A. B. Akínyẹlé tó jókòó ní Ìbàdàn lórí agbègbè tí í ṣe tirẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tó pé ọdún 150 tí wọ́n fi Crowther joyè, Archbishop Justin Welby dúró nínú kàtídírà Canterbury yẹn, ó sì tọrọ àforíjì fún bí ìjọ ṣe da ọkùnrin náà. Inú mi dùn sí i, àmọ́ mo kíyè sí i pé àwọn kan nílé gbé e bí ẹni pé ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ nígbà tó wà láyé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é. Àwọn ìwé C.M.S. wà ní yunifásítì Birmingham, tirẹ̀ wà lára wọn, ẹni tó bá ní àyè lè lọ kà wọ́n.